Kámẹ́rà Tó Kẹ̀yìn Sómi

Ọkùnrin tó lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko kó tó ra awò ojú kan ṣoṣo, kí lèèyàn ò ní fojú rí lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá di pé ó fẹ́ ra kámẹ́rà? Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọbìnrin yìí ti bi ara ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò bi ara ẹ̀. Ìfẹ́ ti bo ojú ẹni tó ń ta awò ojú fáráyé.

Ṣọ́ọ̀bù awò ojú ni wọ́n ti pàdé. Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni pé kó jókòó síwájú èèyàn nínú yàrá kékeré kan, kó máa pààrọ̀ gíláàsì níwájú ojú wọn, kó máa bi wọ́n pé, "Èyí ló mọ́lẹ̀ jù ni, àbí èyí? Kíní, àbí ìkejì?" Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì ti mọ̀ pé ẹni tó bá rò ó jù kì í rí i mọ́. Ọkùnrin yìí, atukọ̀ ojú omi, wọlé lọ́jọ́ kan, ojú ẹ̀ pọ́n kankan, ó ní oòrùn tó ń ta lórí omi fẹ́ fọ́ òun lójú. Ó gbé férémù dúdú wò, ó gbé aláwọ̀ ilẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ jẹ́ n rò ó." Ó lọ. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó gbé dúdú wò, ó gbé aláwọ̀ ilẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ jẹ́ n rò ó." Lọ́jọ́ kẹta ó ra dúdú. Àwọn tó ń bá ọmọbìnrin onígíláàsì náà ṣiṣẹ́ ti sọ ọ́ lórúkọ kó tó jáde: Ẹ-Jẹ́-N-Rò-Ó.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún dé. Inú ti ń bí onígíláàsì, ó rò pé ó wá pààrọ̀ ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ jókòó.

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fẹ́," ó ní. "Mi ò sì ní nǹkan kan tí mo fẹ́ rò níbẹ̀."

Ohun tó mú ọmọbìnrin náà nìyẹn. Ẹ má bi mí bí ìfẹ́ ṣe ń ṣe é. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, òun náà ti ń ka wákàtí tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ máa gúnlẹ̀.

Ọdún méjì kọjá, wọn ò tíì ṣègbéyàwó. Bàbá ọmọbìnrin náà, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, kò bá atukọ̀ jà, kò sì lé e. Ohun tó ń ṣe burú ju ìyẹn lọ: ó ń dákẹ́. Tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá ti jẹ yọ, á dìde, á ní òun fẹ́ lọ wo ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ògiri tó ti mọ láti ogún ọdún sẹ́yìn! Kí ló fẹ́ wò lára ẹ̀?

Gbogbo ilé ló mọ̀dí ẹ̀. Bàbá ní àbúrò kan rí tó fẹ́ràn bí ojú. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ojú omi tó yẹ kó gbé èèyàn mẹ́wàá gbé mẹ́rìndínlógún, torí pé atukọ̀ ọjọ́ náà ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé rárá. Àbúrò yẹn ò padà wálé. Ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Látọjọ́ náà Bàbá ò sún mọ́ odò mọ́, ká má tíì sọ pé kó fọmọ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ lórí ẹ̀.

Àǹtí Télọ̀, àbúrò Bàbá lóbìnrin, ló ń ṣe alárenà. Ó ti rìn títí bàtà ẹ̀ fẹ́ẹ̀ já. Lọ́jọ́ Mọ́ńdé kan ó ya wọ ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Wọ́n ti sọ̀rọ̀ o! Ẹ̀gbọ́n mi ti la ẹnu!"

"Kí ni wọ́n wí, Àǹtí?"

"Wọ́n ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi láéláé, kódà kí wọ́n fi góòlù kàn án. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Kí ọkọ ẹ lọ fi kámẹ́rà ya odindi ìrìnàjò kan wá, láti èbúté dé èbúté, kò gbọdọ̀ gé ibì kankan kúrò. Wọ́n fẹ́ rí bí omi yẹn ṣe rí, àti bó ṣe ń gba orí ẹ̀ kọjá."

Ọmọbìnrin náà fò mọ́ ọn lọ́rùn.

"Rọra, o ò tíì gbọ́ tán. Wọ́n ní kó tó di pé wọ́n dáwọ́ ọkọ̀ dúró fún òjò ọdún yìí, àwọn gbọ́dọ̀ ti rí i. Tó bá kọjá ìyẹn, ẹ má dárúkọ ọ̀rọ̀ náà sí àwọn létí mọ́."

Òjò ku ọ̀sẹ̀ méje. Kí ni fídíò kan nínú ọ̀sẹ̀ méje? Nǹkan tí ọmọbìnrin náà rò nìyẹn, kó tó rántí ẹni tó fẹ́ fẹ́.

Fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbìyànjú. Atukọ̀ so ó mọ́ igi níwájú ọkọ̀, ìgbì kan gbá a, fóònù lọ bá ẹja. Ó wá hàn pé kámẹ́rà kékeré ló yẹ, irú èyí tí omi ò lè ṣe ní nǹkan kan, tó ṣeé dè mọ́ ara ọkọ̀, tí owó ẹ̀ ò sì ní ga jù. Mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rọ tó ń ta fóònù àti kámẹ́rà ní ìkóríta. Mẹ́ta péré! Atukọ̀ ra ìwé kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ó ní olówó gọbọi yẹn ló dára jù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní owó ẹ̀ tó ra ẹ́ńjìnnì àlòkù, ti àárín ló kù, torí kì í jẹ́ kí àwòrán mì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbọ́ pé bátìrì ti àárín ò tó wákàtí kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ń wo èyí tí owó ẹ̀ kéré jù lọ, kinní kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tó ń gbé nínú àpò oníke tí omi ò lè wọ̀.

"Bátìrì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì," ó ní.

"Ó dáa. Rà á."

"Àmọ́ àwòrán ẹ̀ ń mì díẹ̀."

"Ra ti àárín nígbà náà."

"Bátìrì ti àárín ló..."

"Ra olówó gọbọi!"

"Ìwọ náà wo owó ẹ̀ o."

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni, àbí o fẹ́ fẹ́ kámẹ́rà?"

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀," ó dáhùn, ó tún ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ó wu ọmọbìnrin náà kó já ìwé yẹn gbà, kó jẹ ẹ́.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ju òjò lọ, kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kẹrin yẹn ni Àǹtí Télọ̀ wá bá a sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé tó ti ń yan kámẹ́rà. Wọ́n ní ẹni tí kò lè mú ọ̀kan nínú mẹ́ta, ṣé òun ló máa mọ ìgbà tó yẹ kó yí ọkọ̀ padà?"

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún, kì í ṣe torí pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Òun náà ti rò ó ni. Tí ìjì bá dìde lórí odò, ṣé á ní kí ìjì jẹ́ kóun rò ó? Ọdún méjì ló ti fi ń fẹ́ ọkùnrin yìí, kò wọ ọkọ̀ ẹ̀ rí, torí Bàbá ti mú un búra. Orí ilẹ̀ nìkan ló ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ gan-an ni kò ti lè yan férémù.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹfà, sùúrù ẹ̀ tán pátápátá. Ó fa atukọ̀ lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rọ.

"Ẹ̀yin náà tún ti dé," ẹlẹ́rọ ní, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta," onígíláàsì wí. Ó fi atukọ̀ jókòó sórí àpótí, ó ní kó di ojú. "Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan. O ò gbọdọ̀ rò ó. Bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn tó ń wá ṣàyẹ̀wò ojú nìyẹn. Olówó gọbọi ni kíní, ti àárín ni ìkejì, ti páálí ìṣáná ni ìkẹta. Tó bá já sódò bíi fóònù ẹ, èwo lo máa sunkún lé lórí jù?"

"Kíní."

"Ẹ gbé kíní kúrò. Ìrìnàjò yín, wákàtí mélòó ni?"

"Ọ̀kan àti ààbọ̀, tí omi bá dára."

"Èwo ni bátìrì ẹ̀ máa dé òdìkejì? Ìkejì, àbí ìkẹta?"

"Ìkẹta ni, àmọ́ àwòrán ìkejì kì í..."

"Mi ò bi ẹ́ nìyẹn. Ìkejì, àbí ìkẹta?"

"Ìkẹta."

"Omi yẹn fúnra ẹ̀, ṣé ó ń mì àbí kò mì?"

"Ó ń mì."

"Kí kámẹ́rà náà máa mì nígbà náà. Ẹ bá wa dì í."

Ẹlẹ́rọ pàtẹ́wọ́. "Ìṣẹ́jú méjì! Kí ló dé tí ẹ̀yin ò fi wá látọjọ́ yìí?"

Atukọ̀ lajú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì nawọ́ sí ibi tí wọ́n to àpò oníke sí. "Àpò ẹ̀ ńkọ́? Dúdú wà, aláwọ̀ ilẹ̀ náà sì..." Ó rí ojú olólùfẹ́ ẹ̀. "Dúdú," ó yára wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló gbé kámẹ́rà náà lọ sódò. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀ Bàbá. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí páánù, wọ́n sì ti kéde pé ọkọ̀ ò ní ná odò mọ́ títí di Sátidé tó ń bọ̀, ìyẹn ló sì máa kẹ́yìn. Bàbá wà lórí àga ẹ̀, Àǹtí Télọ̀ ń pèrò aṣọ ìgbéyàwó lọ́kàn, onígíláàsì sì ń ki wáyà bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé o ti wò ó ṣá?" ó rọra bi atukọ̀.

"Àyè ò sí. Àmọ́ ó yà á, mo rí iná pupa ẹ̀ nígbà tí mo tàn án."

Àwòrán yọ. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni. Lẹ́yìn náà, àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ihò imú méjì, àti awò ojú dúdú lókè wọn.

"Omi dà?" Bàbá bèèrè.

Ojú atukọ̀ ló kún tẹlifíṣọ̀n bámú, èbúté ń mì lẹ́yìn ẹ̀.

"Omi dà?" Onígíláàsì náà bèèrè báyìí, ó sì le ju ti Bàbá lọ.

Atukọ̀ ti dìde. "Mo kọ ẹ̀yìn ẹ̀ sómi ni," ó ní. "Kí omi má baà máa ta sí i lójú."

"Kámẹ́rà tí a rà torí pé omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan!"

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ló ti mọ́ ọn. Gbogbo nǹkan tó bá wà nínú ọkọ̀ mi, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń kọ sómi. Rédíò, oúnjẹ, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò rò ó."

Kò rò ó! Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ronú, ìgbà tó yẹ kó rò ó ni kò rò ó. Ọmọbìnrin náà fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó nawọ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n.

"Fi sílẹ̀," Bàbá ní.

Wọ́n bá ń wò ó. Èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ atukọ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀yìn ọkọ̀ ló jókòó sí. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé, atukọ̀ á fa ìdè ẹ̀wù ìléfòó ẹ̀, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, á tún un fà, á kà á sókè. "Ẹ̀kẹjọ. Ẹ̀kẹsàn-án. Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ̀kẹwàá." Ó di okùn mú láti tú u. Ọkùnrin kan tó gbé báàgì aláwọ dání sáré dé orí èbúté, ó ní òun fẹ́ wọlé.

"Ó ti kún, ẹ̀gbọ́n. Ìrìn kejì ń bọ̀."

"Màá san ti èèyàn mẹ́ta."

"Rárá."

"Ṣé o mọ ẹni tí mò ń lọ rí ni?"

"Rárá, sà."

Okùn ti tú. Kò gbé e wò, kò gbé e wò lẹ́ẹ̀kejì, kò ní kí wọ́n jẹ́ kóun rò ó. Onígíláàsì jókòó díẹ̀díẹ̀ sórí apá àga Àǹtí Télọ̀. Ta lèyí?

Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, kò sí nǹkan kan ju ojú yẹn lọ àti ariwo ẹ́ńjìnnì. Àǹtí Télọ̀ ti ń sùn. Lójijì, atukọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n bọ́ awò dúdú ẹ̀, ó wo ohun kan níwájú. Kò tó kéèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ jókòó dáadáa. A ń padà."

Ohùn èrò gba ọkọ̀ kan. Obìnrin kan ń pariwo pé ìwà òmùgọ̀ wo nìyí, pé oòrùn ṣì ń ràn, pé iṣẹ́ òun ńkọ́. Ó bú u títí ó fi kan ìyá tó bí i. Atukọ̀ ti yí ọkọ̀. Bó sì ṣe yí, ibi tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sẹ́yìn ẹ̀ nínú àwòrán. Gbogbo wọn rí i: àárín odò ti dúdú, òjò ti bò ó bí aṣọ ìkélé, ìgbì sì ti ń fò níbi tí ọkọ̀ ì bá wà. Èébú obìnrin náà wá di àdúrà. Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga.

Ọkọ̀ padà sí èbúté tó ti gbéra. Àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀, atukọ̀ ń kà wọ́n bó ṣe kà wọ́n wọlé. Ó ka mẹ́wàá pé. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni bátìrì kú.

"Bó ṣe parí nìyẹn?" Bàbá bèèrè.

"Bó ṣe parí nìyẹn, sà," atukọ̀ dáhùn, ó dorí kodò. "Ọjọ́ kan ṣoṣo tí kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi nìyẹn."

"Kò dé òdìkejì, Bàbá," onígíláàsì ní. Omijé ti ń bọ̀ lójú ẹ̀. "Ẹ ní láti èbúté dé èbúté. Mo mọ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ti rí i," Bàbá ní. Ó dìde, ó jáde lọ wo ògiri ẹ̀yìnkùlé nínú òjò.

Mo ti rí i! Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò fi nǹkan míì kún un. Àǹtí Télọ̀ lọ bi í ní Túsìdè, ó ní kí wọ́n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó lọ bi í ní Ọjọ́bọ̀, ó ní ṣé kò rí aṣọ rán ni? Onígíláàsì ò lè jẹun. Ó lo gíláàsì òdì fún obìnrin àgbàlagbà kan, obìnrin náà ní òun rí nọ́mbà méje níbi tí ògiri wà. Inú ń bí i sí bàbá ẹ̀, inú ń bí i sí ọkùnrin tó kọ ojú kámẹ́rà sódì, inú ń bí i sí ara ẹ̀, torí látọjọ́ Àìkú yẹn ìfẹ́ ọkùnrin náà ti di ìlọ́po méjì lọ́kàn ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ọkọ̀ máa ná kẹ́yìn, ó lọ sí èbúté. Ó kàn fẹ́ rí i ni. Èrò pọ̀, gbogbo ayé ló fẹ́ kọjá kí òjò tó tì wọ́n mọ́lé. Atukọ̀ ti kó èèyàn mẹ́wàá, ó ti fa ìdè gbogbo wọn, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lára okùn, nígbà tí ẹnì kan ń bọ̀ lórí pátákó èbúté, tó ń rọra gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń dán ilẹ̀ wò. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ kanlẹ̀, bàtà aláwọ dúdú.

"Bàbá?" onígíláàsì ní.

Bàbá ò wò ó. Ó lọ tààrà débi tí ọkọ̀ wà. Òógùn bò ó níwájú orí.

"Mo fẹ́ wọlé," ó ní fún atukọ̀.

Ẹ wo ojú atukọ̀! Ẹnu ẹ̀ là. Ó wo Bàbá, ó wo ọkọ̀, ó wo mẹ́wẹ̀ẹ̀wàá tó jókòó, tí gbogbo wọn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mí," Bàbá ní. "Ṣé kò ní sáàyè fún èmi tí o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

Onígíláàsì ń gbàdúrà lọ́kàn ẹ̀. Gbà á. Ọ̀kan péré ni. Ọdún méjì! Ẹni tó búra pé òun ò ní débí ti dé. Jọ̀ọ́, gbà á.

Kò sáàyè ìdọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Atukọ̀ kúnlẹ̀ lórí pátákó tó tutù, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹ jọ̀ọ́. Ó ti pé mẹ́wàá. Ẹ dúró de ìrìn kejì."

Ó dìde, ó tú okùn, ó lọ.

Onígíláàsì káwọ́ lórí. "Ó ti pa wá!" ó pariwo. "Ó ti pa wá o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń ro kámẹ́rà, bàbá ẹni tó fẹ́ fẹ́ dé, kò ro tiẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan!" Ó yí padà láti bẹ Bàbá, àmọ́ Bàbá ò sí níbi tó wà. Ó ti lọ síbi tí wọ́n fi ẹ̀wù ìléfòó kọ́ sí, ó ti mú ọ̀kan, ó ti gbé e wọ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fa ìdè ẹ̀. Ó tún un fà.

"Sọ fún àǹtí ẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ," ó ní.

Ọmọbìnrin náà wò ó. Ó jókòó tì í. Ọkọ̀ ti kéré lórí omi. Ó ní, "Bàbá, ìrìn kejì máa pẹ́ o. Ó tó wákàtí mẹ́ta kó tó padà dé."

"Màá dúró," Bàbá ní. Ojú ẹ̀ wà lórí odò, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún púpọ̀. "Ká ní ẹnì kan ti sọ fún àbúrò mi náà pé kó dúró."